Ta Ni Ìdánwò Ń Dán Wò?

Mi ò ní túmọ̀ ìdánwò fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ń máàkì nínú kíláàsì, àtèyí tí WAEC, NECO àti JAMB ń gbé wá láti òde, ẹ mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tó ń dùn mí.

Ó ti lé lógún ọdún tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti ń jà. Wọ́n ní irọ́ ni máàkì tí olùkọ́ ń fún ọmọ, pé ìdánwò òde nìkan ló ṣeé gbára lé. Nígbà tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 wọlé ní 1982, ohun tí a fọkàn sí ni pé ìgbéléwọ̀n yóò máa bá ọmọ rìn láti tẹ́ẹ̀mù dé tẹ́ẹ̀mù, kí wákàtí mẹ́ta má baà máa ṣèdájọ́ ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní olùkọ́ ti bà á jẹ́. Mi ò jiyàn. Mo ti rí ìwé máàkì tí gbogbo kíláàsì ti gba 38 nínú 40, títí kan ọmọ tó ti kó lọ sí Ṣàgámù láti ọdún tó ṣáájú. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo rí àwọn kan tó ń wolẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ló fà á? Ẹni tó ní ọmọ 80 nínú kíláàsì, tí a ní kó fún wọn ní tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ní tẹ́ẹ̀mù kan, ìwé 240 ló délẹ̀ yẹn. Bí èsì WAEC bá sì burú, òun náà ni wọn yóò pè kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ẹni tí a ń fi máàkì ọmọ dá lẹ́jọ́, tó sì jẹ́ òun ló ń kọ máàkì ọ̀hún, kí lẹ rò pé yóò kọ?

Nígbà tí mo jẹ́ tíṣà kékeré ní Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín, ọmọbìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹja tútù ní ọjà Olúwo. Mo bi í ní ìbéèrè èrè àti àdánù lórí ìwé, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Òfìfo ni ìwé rẹ̀ padà sí mi lọ́wọ́. Mo fún un ní òdo, mo tún fi gègé pupa fa ìlà sí i nídìí. Lọ́jọ́ Sátidé mo bá a lórí àtẹ. Ó ń ro owó yìnyín, ó ń yọ ẹja tó ti ń rọ̀, ó sì ń sọ iye tí ìyá rẹ̀ kò gbọdọ̀ tà kọjá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo bá fi Yorùbá ka ìbéèrè mi fún un níbẹ̀. Kí n tó kà á tán ó ti dáhùn, ó wá wò mí: “Tíṣà, ṣé wọ́n ti yọ owó ọkọ̀?” Wọn ò yọ ọ́. Ìbéèrè mi ló fìdí rẹmi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá bẹ̀rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ títí dé ọdún kẹfà, kò ní yà á lẹ́nu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní òde nìkan lòótọ́ wà, 2025 ńkọ́? Àṣìṣe bá ìdánwò JAMB ní ibùdó 157, ní Èkó wa níbí àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ìhà ìlà-oòrùn gúúsù. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olóyèdé, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, sunkún ní gbangba. Lóṣù kẹjọ, WAEC ní 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà níbẹ̀; nígbà tó ṣe díẹ̀ ó di 62.96, wọ́n ní àṣìṣe bá máàkì. Wọ́n jẹ́wọ́, mo kí wọn. Àmọ́ olùkọ́ tí wọ́n ti bú láàárín ìgbà náà, ta ló tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀?

Àkókò ti ń lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ lórí ẹ́kíspò, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò tó jò síta, àti àwọn òbí tó ń sanwó rẹ̀. Wọ́n mọ ara wọn. Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kíláàsì SS3 tó jẹ́ pé láti oṣù kìíní, ìbéèrè àtẹ̀yìnwá nìkan ni wọ́n ń kà, tí wọ́n ti ti yàrá sáyẹ́ǹsì pa.

Ṣùgbọ́n àbá kan péré ni mo mú wá. Kí olùkọ́ Ìkòròdú máa wá yẹ ìwé àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ wò ní ìparí tẹ́ẹ̀mù, kí ti Ẹ̀pẹ́ náà lọ yẹ tiwọn, kí wọ́n jọ jókòó lórí ibi tí máàkì wọn kò ti bára mu. Ẹni tó bá máa ṣètò owó rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kó rántí owó ọkọ̀.