Òrùka Onígi àti Eruku Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ òrùka ni a mú wá lónìí. Kì í ṣe òrùka wúrà, òrùka igi ni. Owó oṣù kì í tó, àwọn kan sì ti rí i pé ègé pákó tí wọ́n ń dà nù ní ilé ìlagi lè di òrùka tí ènìyàn yóò fi owó gidi rà. Àwọn òyìnbó tí ń ṣe òrùka bẹ́ẹ̀ a máa pe ìrókò, mansonia àti ẹ́bónì ní igi àjèjì. Lọ́dọ̀ tiwa, igi ilé ni wọ́n, a sì máa ń rò pé ohun tí a mọ̀ láti kékeré kò lè pa wá lára. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà. Bí a bá kàn lu ihò sí pákó tí a sì gé e yípo, òrùka náà yóò tètè ṣẹ́ níbi tí okùn inú igi ti kúrú. Nítorí náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa fá igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí ó lè tẹ̀, wọn a wé e yí ọ̀pá ká, wọn a sì fi gúlù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọn a fi sáńpépà kíkan bẹ̀rẹ̀, wọn a sì fi èyí tó kúnná parí. Bí sáńpépà bá ṣe ń kúnná sí i ni eruku ń kúnná sí i. Èyí tí ojú kò rí ni ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Òrùka kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ó kéré ni a fi ń gbé e sún mọ́ imú.

Eruku ìrókò a máa mú kí ara yún kí ó sì sú, òun àti eruku arère a sì máa fa ikọ́ fée. Mansonia a máa mú ni sín, a tilẹ̀ máa mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀.

Èyí tó burú jù kì í yá dé. Ní High Wycombe ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àga, Dókítà Esmé Hadfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àrùn jẹjẹrẹ inú imú ń mú àwọn òṣìṣẹ́ igi ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1968. Ní 1969, ìjọba ibẹ̀ kà á kún àrùn iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ lè gba owó lé lórí. Ní 1995, IARC, tí í ṣe ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé eruku igi ń fa jẹjẹrẹ. Àrùn yìí lè fi ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sápamọ́. Ẹni tó mú lè ti fẹ̀yìn tì.

Kí ni kí a ṣe? Ẹni tí ń ṣe òrùka nílé kò ní ọ̀gá tí yóò san owó ìtọ́jú fún un. Kí ó lo ìbomú tó fún mọ́ ojú dáadáa. Aṣọ tí a so mọ́ imú kò tó. Kí ó fi omi tàbí òróró tutù ú nígbà tí ó bá ń fi sáńpépà họ ọ́. Kí ó má ṣe é nínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Kí ó fi aṣọ tútù nu eruku, kí ó má fi ìgbálẹ̀ tú u sókè.

Ní ti àwa tí a wà ní ilé iṣẹ́, ìbomú nìkan kò tó. Ẹ̀rọ tí ń fa eruku níbi tí ó ti ń jáde ni kí a bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Àwọn awakọ̀ tí ń kó ìyẹ̀fun igi náà, kí wọ́n bèèrè tapólì àti ìbomú. Òfin Employees' Compensation Act ti 2010 gbà pé kí a san owó fún òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá kó àrùn bá, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni wọn yóò bèèrè. Nítorí náà, kí olúkúlùkù kọ ọdún tó fi ṣiṣẹ́ àti irú igi tó ṣiṣẹ́ lé lórí sílẹ̀, kí ó sì fi ìwé náà pamọ́.

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eruku rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí a jọ bèèrè nísinsìnyí tí a ṣì ń mí dáadáa.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.