Hòtẹ́ẹ̀lì àti Ilé Onílé: Ta Ni Yóò Gba Àlejò?



Àwọn kan nínú yín ní hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn mìíràn ní ilé l'Ékòó tí wọ́n ti sọ di shortlet, tí àlejò ń háyà fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ mi kan tọ̀tún tòsì.

Ní 2007, èrò àpérò kan kún San Francisco, yàrá hòtẹ́ẹ̀lì wọ́n bí ojú. Brian Chesky àti Joe Gebbia, tí owó ilé ń dà láàmú, tẹ́ bẹ́ẹ̀dì onífẹ́ẹ́fẹ́ sílé wọn, wọ́n gbowó lọ́wọ́ àlejò mẹ́ta. Ibẹ̀ ni Airbnb ti ṣẹ̀. Ilé onílé ni wọ́n fi ń ṣòwò.

Ta ló wá ń pa lára? Àwọn onímọ̀ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Ní ìlú Austin, owó tó ń wọlé fún hòtẹ́ẹ̀lì dín ní bí 8 sí 10 nínú 100. Àwọn olówó pọ́ọ́kú ló fara gbá a jù, kì í ṣe àwọn ńláńlá tó ní gbọ̀ngàn ìpàdé. Nígbà tí èrò bá pọ̀, tí wọn ì bá fowó lé yàrá, ilé onílé á ṣí sílẹ̀, àlejò á gba ibẹ̀ lọ.

Ẹ wo Èkó nínú oṣù Kejìlá. Àwọn ará wa tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ń kó ẹbí dání. Ilé oníyàrá mẹ́ta ní Lekki á gba gbogbo wọn, wọ́n á sì ráyè se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí hòtẹ́ẹ̀lì kékeré bá tìlẹ̀kùn, alásè, afọṣọ àti ọlọ́dẹ ibẹ̀ ti di aláìníṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin onílé, ẹ má tíì jó o. Ní New York, láti oṣù Kẹsán 2023, ẹni tó bá fẹ́ gba àlejò fún ọjọ́ tí kò tó 30 gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó máa bá àlejò gbé inú ilé náà, kí àlejò má sì ju 2 lọ. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ẹ tètè tún ilé yín ṣe, ẹ má sì jẹ́ kí aládùúgbò máa ké.

Ẹ̀yin onihòtẹ́ẹ̀lì, ẹ má wulẹ̀ máa bá wọn dín owó kiri. Àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ẹ ya yàrá tí ẹbí lè gbé pọ̀ sọ́tọ̀, kí ó ní ibi ìdáná. Ẹ fi ohun tí onílé kò ní kún un: ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tọ̀sán tòru, tó sì máa dáhùn bí omi bá dá láago méjì òru.