Ìwọ̀n Eré Tó Yẹ Máṣíìnì Lórí Aṣọ Oníìpele Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí quilt, aṣọ ìbora tí àwọn ará Amẹ́ríkà sọ di iṣẹ́ ọnà ńlá. Ìpele mẹ́ta ló ní: aṣọ òkè, tí wọ́n sábà máa ń fi àwẹ́ aṣọ tò pọ̀, òwú rírọ̀ ní àárín, àti aṣọ ìsàlẹ̀. Ìlà ìránṣọ tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ láti etí dé etí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ó ti pẹ́ tí máṣíìnì ti wọ inú iṣẹ́ yìí. Ní 1886, Harriet Powers, obìnrin tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Georgia ní 1837, gbé quilt tó fi ya ìtàn Bíbélì lọ síbi àfihàn ní ìlú Athens, ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ àti máṣíìnì ló fi rán an, ó sì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian títí dòní. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń ṣe ìdíje quilt fi ka iṣẹ́ ọwọ́ sí ju ti máṣíìnì lọ. Ó di 1989 kí èyí tí wọ́n fi máṣíìnì rán tó gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ níbi ìdíje American Quilter's Society ní Paducah, Kentucky. Caryl Bryer Fallert ló ṣe é, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Corona II: Solar Eclipse. Ẹ̀bùn yẹn tọ́, ó tiẹ̀ pẹ́ jù kó tó dé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo abẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì. Eyín irin wà níbẹ̀ tó máa ń yọrí, tó máa ń gbé aṣọ sẹ́yìn, tó sì máa ń rì padà. Aṣọ ìsàlẹ̀ nìkan ni eyín yìí ń kàn. Ẹsẹ̀ máṣíìnì ní tirẹ̀ kàn tẹ aṣọ òkè mọ́lẹ̀ ni, kì í bá a rìn. Bó bá jẹ́ àǹkárá ẹyọ méjì ni ẹ ń rán, ẹ lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí òwú rírọ̀ bá wà láàárín, ìsàlẹ̀ á ti lọ, òkè á ṣì máa wọ́ bọ̀. Aṣọ òkè á máa kó jọ síwájú ẹsẹ̀ máṣíìnì, nígbà tí ẹ bá sì dé ibi tí ìlà méjì ti pàdé, abẹ́rẹ́ á rán ìkójọ náà mọ́ ojú aṣọ. Títú ló kù.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ṣe walking foot, ẹsẹ̀ máṣíìnì tó ń rìn. Òun náà ní eyín, lókè. Apá kékeré kan yọ lára rẹ̀ tó gun orí nọ́ọ̀tì tó di abẹ́rẹ́ mú. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gòkè, apá yìí á bá a gòkè, eyín òkè á sì bà lé aṣọ lásìkò kan náà tí eyín ìsàlẹ̀ ń yọrí. Òkè àti ìsàlẹ̀ á di ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú ṣinṣin, wọ́n á jọ gbé ìgbésẹ̀ kan. Abẹ́rẹ́ á sọ̀kalẹ̀, eyín òkè á gbéra, á tún padà sí àyè rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ eré mú. Wọ́n rò pé bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dàlì jù, ojú ìrán á kúrú sí i. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ pé wọ́n rẹ eyín ìsàlẹ̀ sílẹ̀, tó jẹ́ ọwọ́ ló ń ti aṣọ kiri. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn, máṣíìnì fúnra rẹ̀ ló ń wọn ojú ìrán. Bí ẹ bá fi sí mìlímítà 3, ó fẹ́ gbé mìlímítà 3, ì báà yá, ì báà falẹ̀.

Kí wá ni eré ń bàjẹ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì ilé lè gún aṣọ ní ìgbà 600 sí 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní 600, aṣọ ń lọ ní sẹ́ǹtímítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní 1,000, ó di sẹ́ǹtímítà 5. Lórí ṣòkòtò, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n quilt orí bẹ́ẹ̀dì wúwo, ó ń wọ́ wálẹ̀ lára tábìlì, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ máa kó o sókè ṣáájú abẹ́rẹ́. Bí aṣọ bá ń sá ju ọwọ́ lọ, ìwúwo rẹ̀ á máa fà á sẹ́yìn, eyín á máa yọ̀ lórí rẹ̀, ojú ìrán mìlímítà 3 á di 2, á di 1. Ọwọ́ tí ojú ń kán á tún fẹ́ ti aṣọ tàbí kó fà á, abẹ́rẹ́ á sì tẹ̀ tàbí kó kán. Apá kékeré tí mo sọ pẹ̀lú ń fara gba gbogbo ìgún yẹn; eré àsápajúdé máa ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin télọ̀ tó jẹ́ iye aṣọ tí ẹ bá rán tán lójúmọ́ ni ẹ fi ń jẹun, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín ti mọ eré sísá, ó sì tọ́ sí yín. Lórí iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ pẹ́dàlì dé ìdajì, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Bí máṣíìnì yín bá ní ibi tí wọ́n ti ń dín eré kù, ẹ fi sí àárín. Ìfalẹ̀ àfalẹ̀jù náà kò dára: máṣíìnì á máa ta kìjí, á máa dúró, ọwọ́ á sì ráyè máa yí ìlà. Ibi igun nìkan ni kí ẹ ti dúró pátápátá, kí abẹ́rẹ́ wà nínú aṣọ, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì, kí ẹ yí aṣọ.

Eré kò sì lè tún ìpalẹ̀mọ́ tí kò dára ṣe. Ẹ fi pín-ìn-nì so ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí àlàfo má ju nǹkan bíi sẹ́ǹtímítà 10 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ rán wọn gbà. Bí èyí bá lọ tí èkejì bọ̀, aṣọ á lọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Kí ẹ tó gbé quilt gan-an sábẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ mú àjákù aṣọ àti òwú kan náà, ẹ tò ó ní ìpele mẹ́ta, ẹ rán ìlà díẹ̀ lórí rẹ̀, kí eré ìlà kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi rúlà wọn sẹ́ǹtímítà 3 níbi mẹ́ta lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ojú ìrán. Ó yẹ kó tó 10; bí òwú bá nípọn, ó lè lé díẹ̀. Ìlà tí iye rẹ̀ bá dọ́gba níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ máa tẹ̀ lé. Èyí tí iye rẹ̀ bá ń yí padà ti yá ju ọwọ́ yín lọ.