Agolo àti Odò: Bí Omi Ṣe Ń Di Iná



Ní ẹ̀gbẹ́ Dantokpa ní Kútọnu, omi ọ̀sà ń lọ, ó ń bọ̀. Omi náà pọ̀. Síbẹ̀, a kì í rí iná mànàmáná nínú rẹ̀. Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí a fi agolo wò ó.

Ẹ mú agolo tòmátì tó ti ṣófo. Ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́ta sí i lára: ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ bu omi kún un. Omi ihò ìsàlẹ̀ ló ń tú jáde pẹ̀lú ipá jù lọ, nítorí omi òkè ń tẹ̀ ẹ́. Bí omi bá ṣe ga tó ni ipá rẹ̀ ń pọ̀ tó.

Omi ọ̀sà tẹ́jú, kò já láti ibi gíga. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní Nangbéto, ní ilẹ̀ Tógò, wọ́n fi ògiri ńlá sé odò Mónò. Omi kó jọ, ó ga. Ó ń já lu kẹ̀kẹ́ irin ńlá, kẹ̀kẹ́ ń yí, ó sì ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde. Wáyà ń gbé iná náà lọ sí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ọdún 1987 ni wọ́n ṣí i. Ọ̀pọ̀ ará abúlé ló fi ilé àti oko sílẹ̀ kí omi tó ráyè.

Ṣáájú ìgbà náà, Akosombo ní ilẹ̀ Gánà ni iná ti ń wá. Ní ọdún 1983 àti 1984, ọ̀dá dá, omi Akosombo fà, iná tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa sì dínkù. Ẹ tún wo agolo: bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ipá ń dínkù.

Nítorí náà, ẹ má gé igi etí odò tán. Bí igi bá tán, òjò á wọ́ iyẹ̀pẹ̀ wọ inú odò, iyẹ̀pẹ̀ á sì gba àyè omi.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má kàn ka ọ̀rọ̀ yìí sétí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gbé agolo fún wọn, kí wọ́n fi ìka wọn kan omi. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ fi han ará ilé yín.