Ọ̀rọ̀-Ìṣe "Take" Láàárín Àwa àti Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Àsọyé tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní Ilua

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kéré lójú: ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni, èyí tí wọ́n ń pè ní "take". Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé ti mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà a máa dójú ti àgbà.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ ilé-ìwé kan tí orí rẹ̀ pé kọ lẹ́tà sí baba rẹ̀ pé òun "carry first". Inú baba dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rí lẹ́tà náà, a fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i. Ọmọ náà bi wá léèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kì í ha ṣe gbígbé ni à ń gbé ipò kìn-ín-ní? Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa pé 'carry' ni gbé." A kò rí èsì fọ̀. Àwa ni a kọ ọ́ sí ara pátákó pé "carry" ni gbé, pé "take" ni mú, a sì dúró níbẹ̀, bí ẹni pé èdè méjì jẹ́ igbá méjì tí a dé mọ́ ara wọn. Òyìnbó a máa "take" ipò kìn-ín-ní, kì í "carry" rẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ilé ara wa. Bí nǹkan bá kéré tí ó gba ọwọ́, a ó mú un: a mú ọ̀bẹ, a mú ìwé. Bí ó bá tóbi tàbí tí ó wúwo, a ó gbé e: a gbé odó, a gbé àga. Bí ó bá pọ̀, a ó kó o. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti wá, a ó gbà á. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ tí a rí i, a ó he é. Bí ó bá jẹ́ gàrí, a ó bù ú. Bí ó bá jẹ́ ewé lára igi, a ó já a. Níbi tí àwa ti ń lo ọ̀rọ̀ méje yìí, "take" nìkan a máa tó Òyìnbó lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn baba wa kò da wọ́n pọ̀. Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọ́n sì ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ fi "mú" sí ipò "gbé" nínú òwe kejì yìí, ẹ ó rí i pé òwe náà yarọ.

Òyìnbó pẹ̀lú kò bá ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé rẹ̀. "Niman" ni àwọn baba ńlá wọn ń lò; títí di òní ni àwọn ará Jámánì ń lo "nehmen", tí í ṣe ìbátan rẹ̀. Nígbà tí àwọn jagunjagun àti àgbẹ̀ láti Denmark àti àgbègbè rẹ̀ tẹ̀ dó sí ìhà ìlà-oòrùn England ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, wọ́n mú "taka" ti èdè wọn wá. Díẹ̀díẹ̀ ni ó di "take", tí ó sì lé "niman" jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò nígbà náà pé èdè tí ó bá yá ọ̀rọ̀ lò ti di ẹrú.

Ìṣòro "take" ni pé kì í dá rìn; ẹni tí ó bá a rìn ni ó ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ó bá bá àkókò rìn, gbígbà ni: iṣẹ́ náà gba ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá bá àwòrán rìn, yíyà ni. Bí ó bá bá àga rìn, a jókòó ni, a kò gbé àga lọ sí ilé. "Take off" ni kí a bọ́ aṣọ. Òun náà ni kí ọkọ̀ òfuurufú gbéra nílẹ̀. "Take after" ni kí ọmọ jọ baba rẹ̀. "Take in" lè jẹ́ kí a gba àlejò sílé, ó sì lè jẹ́ kí a tan ènìyàn jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé eré àwọn akọ̀wé ni èyí. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilẹ̀, èdè wa yóò bèèrè pé: yíyá ni, rírà ni, àbí jíjí? "Take" lè dákẹ́ lórí gbogbo rẹ̀. "Take on lease" ni kí a háyà ilẹ̀ fún iye ọdún kan. "Take over" ni kí nǹkan bọ́ sí abẹ́ àkóso ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ìjòyè wa, kí ẹ tó fi ọwọ́ sí ìwé, ẹ jẹ́ kí a ka ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé "take" fún yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Nísinsin yìí a kan ibi tí ó dùn wá jù. Àwọn ilé-ìwé kan ṣì wà tí ọmọ ń san owó ìtanràn bí ó bá fọ Yorùbá. Àwa náà, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, ti na ọmọ nítorí bẹ́ẹ̀. A jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín. A rò pé a ń ṣí ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì fún un. A kò mọ̀ pé àkàsọ̀ tí ìbá fi gòkè ni à ń yọ. Ọmọ tí kò mọ ìyàtọ̀ mú àti gbé, kí ni yóò fi wọn "take"? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Kí a má lọ jìnnà. Òṣoògùn, ní ìhà Ìsẹ́yìn níhìn-ín, ni a ti mú Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821. Ní 1843 ni a fi í ṣe àlùfáà, ọdún náà sì ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 ni ẹni náà tí ó jókòó ti ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ó ń kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe kọ́ ọmọ ní "take" nìkan. Ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú ẹni tí ó bá a rìn. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bá ọmọ yín fọ Yorùbá tí ó jinlẹ̀ nílé. Ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ahunṣọ Òkè-Ògùn sílẹ̀, kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ wọ́n tó lọ. Ẹni tí ó bá ní ilé ni í gba àlejò. Kí Ọlọ́run fún wa ní òye. Àmín.