Ta Ni Yóò Bá Wa Mójú Tó Ọmọ?

 

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, iṣẹ́ wa sì ni kí a máa yọjú wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń tọ́ ọmọ. Àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà nínú wa mọ̀ pé tí ọlidé gígùn bá ti dé, ọ̀pọ̀ òbí Júù máa ń fi ọmọ sí káǹpù tí yóò sùn sí fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́lẹ̀, odò wíwẹ̀, orin àti eré ìdárayá ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ní 2014, àwọn Júù Reform ṣí 6 Points Sci-Tech Academy ní Massachusetts, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì àti bí a ṣe ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Ísírẹ́lì náà ní tirẹ̀ tó ń gba ọmọ láti òkè òkun.

Báwo ni òbí yóò ṣe yàn nínú wọn? Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kọ́ ni kó kọ́kọ́ bèèrè.

Kó bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Sábáàtì, láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ títí di alẹ́ Sátidé. Júù Orthodox kì í tan iná, kì í tẹ kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà. Òfin ti Reform kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ilé bá ń pa á mọ́ tí káǹpù kò sì pa á mọ́, ọmọ ni yóò wà láàárín méjì. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà nìyẹn: Júù tó ń pa òfin mọ́ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kì í sì í jẹ ẹran pọ̀ mọ́ wàrà. Ní tèmi o, káǹpù tó lè pa ẹ̀rọ fún odindi ọjọ́ kan ń kọ́ ọmọ pé òun ló ni ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kọ́ ló ni òun.

Kó bèèrè iye àgbà tó ń ṣọ́ wọn. Ìlànà American Camp Association fún káǹpù tí ọmọ ń sùn sí ni òṣìṣẹ́ 1 fún ọmọ 8 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 9 sí 14, àti 1 fún ọmọ 10 tó wà láàárín 15 sí 18. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa lè má mọ ohun tó máa ṣe fọ́mọ tó ń sunkún ilé lóru.

Kó tún bèèrè ọ̀nà tí ọmọ máa gbà padà wálé. Ní oṣù kẹfà 2025, nígbà tí Ísírẹ́lì àti Iran ń jagun, wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú Ísírẹ́lì pa. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Júù tó wá ṣàbẹ̀wò lọ sí Cyprus. Òbí tí kò bèèrè irú ètò bẹ́ẹ̀ kó tó sanwó, ìgbà wo ló fẹ́ bèèrè?

Ní ti owó, Foundation for Jewish Camp, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1998, ti ran ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Kí ojú má tini láti bèèrè.

Ní ìparí, ẹ bi ọmọ fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tí wọ́n fipá mú lọ, ọjọ́ ni yóò máa kà.

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ Júù ni mo fi ṣàpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀rọ yóò gbó, òmíràn yóò dé. Ọmọ la ó máa bá gbé.