Èdè Tí Ń Gbé Inú Orin: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọ̀pọ̀ Èdè Ilẹ̀ Íńdíà

Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Íńdíà ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọdún 2011, tí wọ́n sì bi wọ́n léèrè pé kí ni èdè abínibí wọn, orúkọ tí ó jáde lẹ́nu wọn lé ní 19,500, nítorí pé ẹlòmíràn fi orúkọ ìlú rẹ̀ pe èdè rẹ̀, ẹlòmíràn sì fi orúkọ ìran rẹ̀ pè é. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ orúkọ wọ̀nyí wò pa ọ̀pọ̀ pọ̀ mọ́ra, títí ó fi ku èdè 121 tí àwọn tí ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú èdè 121 yìí, 22 péré ni orúkọ wọn wà nínú àtẹ kẹjọ ìwé òfin ilẹ̀ náà, ìyẹn ibi tí wọ́n to àwọn èdè tí ìjọba fọwọ́ sí jọ, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè 14 ní 1950.

Irú ìṣírò bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìjọba tí ó fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí tí ó fẹ́ tẹ ìwé, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí èdè ń gbé. Lábẹ́ Hindi, tí wọ́n kà fún ènìyàn tí ó lé ní 528 mílíọ̀nù, èdè abínibí tí ó lé ní 50 ni wọ́n kó pamọ́, tí Bhojpuri, èdè àwọn ènìyàn tí ó lé ní 50 mílíọ̀nù, sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èrò tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé orin ni ilé kejì fún èdè ní Íńdíà, àti pé ọ̀nà tí èdè gbà ń gbé nínú orin kì í sábà bá ọ̀nà tí ó gbà ń gbé lórí àwòrán ilẹ̀ mu: èdè kan lè jẹ́ àlejò ní ìgboro kí ó sì jẹ́ onílé nínú orin, òmíràn sì lè wà nínú orin láìsí ìyá tí ó fi tọ́ ọmọ rí.

Àwọn èdè ilẹ̀ náà kò ti orísun kan ṣoṣo wá. Nǹkan bí ènìyàn mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ń sọ àwọn èdè tí ó bá Sanskrit tan, bíi Hindi, Bengali àti Marathi; nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, tí púpọ̀ wọn wà ní gúúsù, ń sọ èdè ẹbí Dravidian, bíi Tamil àti Telugu; àwọn ẹbí kéékèèké mìíràn sì wà, tí Santali, Khasi àti Mizo wà nínú wọn. Punjabi, tí ó wà nínú ẹbí Sanskrit, ni etí Yorùbá yóò tètè dá mọ̀, nítorí pé ó jẹ́ èdè olóhùn, ìyẹn èdè tí ohùn fi ń ya ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ìbátan rẹ̀. Kòra olóhùn ìsàlẹ̀ ni ẹṣin, kóra olóhùn òkè ni adẹ́tẹ̀, kora tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì sì ni pàṣán. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò nílò àlàyé mìíràn. Láyé àtijọ́, èémí ni wọ́n máa ń fi kún àwọn kọ́nsónáǹtì kan, èémí náà parẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ohùn sì gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n álífábẹ́ẹ̀tì Gurmukhi tí wọ́n fi ń kọ Punjabi ní Íńdíà ṣì ń kọ èémí tí kò sí mọ́, kò sì ní àmì fún ohùn. Ẹni tí ó bá ka orin Punjabi lórí ìwé, èdè àwọn baba ńlá ni ó ń rí. Ẹnu akọrin ni èdè òní wà.

Èdè tí ó di onílé nínú orin níbi tí ó ti jẹ́ àlejò ní ìgboro ni Braj, èdè agbègbè Mathura, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Hindu gbà pé Krishna, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà wọn, ti ṣe ọmọdé. Ìfẹ́ Krishna ló gbé èdè náà wọ inú orin, tí ọ̀pọ̀ orin khayal, ìyẹn orin àwọn àgbà akọrin ìhà àríwá, fi jẹ́ ti Braj títí di òní, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí ni akọrin, ìbáà sì jẹ́ pé Marathi ni ó ń sọ nílé. Ní Bengal, ọ̀rọ̀ náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orin ìfẹ́ Krishna àti Radha olólùfẹ́ rẹ̀ tí akéwì Vidyapati kọ ní èdè Maithili, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, dùn mọ́ àwọn ará Bengal débi pé àwọn akéwì wọn ń fara wé e, wọ́n ń da Maithili pọ̀ mọ́ Bengali, wọ́n sì bí èdè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Brajabuli. Kò sí abúlé tí wọ́n ti ń sọ Brajabuli, kò sí ìyá tí ó fi rẹ ọmọ lẹ́kún, kò sí ẹni tí ó fi ná ọjà rí. Inú orin ni wọ́n bí i sí, inú orin náà ni ó sì gbé fún ọ̀pọ̀ ìran. Rabindranath Tagore, akéwì Bengal tí wọ́n bí ní 1861, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè yìí kọ orin, tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ orúkọ Bhanusimha, ó sì tẹ àwọn orin náà jáde ní 1884. Maithili fúnra rẹ̀, tí ó fún wọn ní gbogbo èyí, kò wọ inú àtẹ kẹjọ ìwé òfin títí di 2003.

Ní gúúsù, ọ̀rọ̀ èdè orin di ìjà. Ní agbègbè Thanjavur, lẹ́bàá odò Kaveri, Tamil ni èdè àgbẹ̀ àti ọlọ́jà, ṣùgbọ́n elédè Telugu ni àwọn ọba Nayak tí wọ́n jọba níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Maratha tí wọ́n gba ìlú lẹ́yìn wọn kò sì lé Telugu kúrò nínú orin ààfin. Inú ayé yìí ni wọ́n bí Tyagaraja sí ní 1767, nínú ìdílé Telugu tí ó ti fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Tamil. Thiruvaiyaru ni ó gbé títí ó fi kú ní 1847, Telugu ni ó sì fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú nǹkan bí 700 orin rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, níbi tí ó ti ń bá òrìṣà rẹ̀, Rama, sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá baba sọ̀rọ̀, tí ó ń bẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń bá a wí nígbà mìíràn. Àwọn olórin máa ń sọ pé Telugu rọ̀ lọ́fun nítorí pé fáwẹ́lì ni ó sábà máa ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí akọrin fi lè fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn bí ó bá ti wù ú. Ẹni tí ó ń fi Yorùbá kọrin yóò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Lọ́dọọdún, ní nǹkan bí oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún olórin a péjọ sí Thiruvaiyaru láti jùmọ̀ kọ márùn-ún nínú orin rẹ̀, mẹ́rin ní Telugu, ọ̀kan ní Sanskrit. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ elédè Tamil, ìwé orin wọn sì tọ́ sí wíwò fínnífínní. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni Tamil ní fún k àti g, ọ̀kan fún p àti b, nítorí pé ibi tí lẹ́tà bá wà nínú ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ bí wọn yóò ṣe pè é. Ṣùgbọ́n k, kh, g àti gh ni Telugu ní, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà àwọn atẹ̀wé a fi nọ́ńbà kékeré, 2, 3 tàbí 4, há ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà Tamil náà, kí akọrin lè mọ èyí tí ẹnu rẹ̀ yóò pè. Aṣọ Tamil ni wọ́n wọ̀ fún Telugu, nọ́ńbà wọ̀nyí sì ni ibi tí aṣọ náà kò ti bò ó tán.

Olùgbọ́ tí kò gbọ́ ìtumọ̀ orin ńkọ́? Ìbéèrè yìí di ariwo ní Madras lẹ́yìn 1940. Nínú ètò orin ìgbà náà, orin Tamil a máa dúró di ìparí, láàrin àwọn orin kéékèèké tí wọ́n ń pè ní tukkada, tí ó túmọ̀ sí ègé tàbí èérún. Annamalai Chettiar, ọlọ́rọ̀ tí ó dá yunifásítì sílẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Tamil Isai Sangam sílẹ̀ ní 1943, kí orin Tamil lè kúrò ní ìdí àwo. Àwọn alátakò wọn dáhùn pé ohùn orin ni orin, pé ọ̀rọ̀ kò ju ohun tí ohùn gùn lọ. Àwọn alátakò kò parọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ Tamil ni ó wúwo jù, nítorí pé láti nǹkan bí ọ̀rúndún keje ni àwọn ẹni mímọ́ bí Appar àti Sambandar ti ń fi èdè náà kọrin sí òrìṣà Shiva, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé èdè bẹ́ẹ̀ kò tó orin í kọ nínú ilé ara rẹ̀.

Orin ìdí ọlọ kò mọ ìjà yìí rárá. Ní àwọn abúlé Maharashtra, ọlọ ọkà bàbà jẹ́ òkúta roboto méjì tí ọ̀kan gun ọ̀kan. Ihò wà láàrin ti òkè tí wọ́n ń da ọkà sí, èèkàn igi sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń dì mú láti yí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin méjì a kọjú síra wọn, ọwọ́ àwọn méjèèjì a wà lórí èèkàn kan náà, ìyẹ̀fun a máa dà yí òkúta ká, orin a sì máa bá ìyípo rẹ̀ lọ. Ovi ni wọ́n ń pe orin náà. Ohun tí ìyàwó kò lè sọ lójú ọ̀sán nílé ọkọ, ọlọ ni ó ń sọ ọ́ fún: ìyá tí ó fi sílẹ̀, arákùnrin tí kò tíì wá bẹ̀ ẹ́ wò, Sita, ìyàwó Rama, tí wọ́n lé sínú igbó, Ambedkar tí ó jà fún àwọn tí ayé kà sí aláìmọ́. Hema Rairkar àti Guy Poitevin, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, gba irú orin bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 100,000 sílẹ̀, Marathi inú rẹ̀ sì jẹ́ ti oko àti ti ìdí ààrò. Nígbà tí ẹ̀rọ ìlọkà dé, apá àwọn obìnrin sinmi, èyí tí ó dára púpọ̀, nítorí iṣẹ́ náà le. Ṣùgbọ́n wákàtí tí orin náà ń gbé bá ọlọ lọ.

Bhojpuri ní tirẹ̀ kọjá òkun. Láti 1845, nígbà tí ọkọ̀ Fatel Razack gúnlẹ̀ sí Trinidad, títí di 1917, àwọn ará Íńdíà tí ó lé ní 140,000 ni wọ́n kó lọ sí erékùṣù náà lábẹ́ ìwé àdéhùn láti ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì wá láti ilẹ̀ Bhojpuri àti agbègbè rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì Trinidad ni àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ń sọ báyìí, àwọn arúgbó díẹ̀ ni Bhojpuri ṣẹ́kù sí lẹ́nu. Síbẹ̀, ní alẹ́ matikor, tí àwọn obìnrin máa ń jáde lọ wa erùpẹ̀ fún ètò ìgbéyàwó, Bhojpuri ni orin. Erékùṣù kan náà ni wọ́n kó àwọn Yorùbá kan lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun. Nígbà tí onímọ̀ Maureen Warner-Lewis lọ wá èdè wọn lẹ́nu àwọn àgbà ìran wọn, orin wà lára ohun tí ó rí gbà jù, tí àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ibẹ̀ sì ń fi Yorùbá kọrin sí Ògún àti Ṣàngó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè fi èdè náà tọrọ omi mu. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà, ìlù tassa lè máa dún nílé ìyàwó níbi tí wọ́n ti ń kọrin Bhojpuri, kí ìlù òrìṣà máa dún ní àgbàlá mìíràn, tí ìlù bá sì dákẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tí ń gbe orin ní ibi méjèèjì yóò fi kí ara wọn pé ó di àárọ̀.